Tapólì fún ìdọdẹ orí òkè: èwo ló fúyẹ́, èwo ló lè gba ìyà?

Ọmọ Ọlọ́dẹ (Aurora, Colorado)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà ọdẹ. Ìwé àṣẹ láti dọdẹ elk, ẹran igbó ńlá kan, ti tẹ̀ mí lọ́wọ́, ti ọlọ́fà, oṣù kẹsàn-án. Weminuche, igbó ìjọba kan lórí àwọn òkè San Juan ní Colorado níbí, ni èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan ń lọ, a ó sì lò tó ọ̀sẹ̀ kan níbẹ̀. Mọ́tò kì í wọ ibẹ̀, kẹ̀kẹ́ pàápàá kì í wọ ibẹ̀. Ohunkóhun tí a bá máa lò, ẹ̀yìn wa la ó fi pọ̀n ọ́n. Àgọ́ tí mo ní nílé tó kílò mẹ́ta. Bí mo bá gbé e gun òkè, agbára wo ló kù tí n ó fi ru ẹran bọ̀? Gbogbo ẹni tí mo bi ló ní kí n lọ ra tapólì. Mo wo orí íntánẹ́ẹ̀tì, orúkọ ló kún ibẹ̀: silnylon, silpoly, Dyneema, PU, ti búlúù tí wọ́n ń tà ní $15. Owó tí mo yà sọ́tọ̀ kò ju $200 lọ. Ẹ dákun, èwo ni kí n mú tí òjò kò fi ní fi mí ṣẹ̀sín lóru?

Kọ́lá Aláwàdà (Houston)

Hòtẹ́ẹ̀lì wà ní Pagosa Springs, nítòsí ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì wọn fẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ jù.

Àgbà Ìjù (Grand Junction, Colorado)

Àbúrò, fi Kọ́lá sílẹ̀ jàre.

Kí a tó sọ̀rọ̀ aṣọ, jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ibi tí ò ń lọ. Ní San Juan, oòrùn lè ràn dáadáa láàárọ̀ oṣù kẹsàn-án, tó bá di ọ̀sán kí ojú ọ̀run ṣú, kí ààrá máa sán, kí yìnyín máa bọ́. Bí ilẹ̀ bá ṣú tán, omi inú ìgò rẹ lè dì. Níbi tó bá ga ju 10,000 ẹsẹ̀ bàtà lọ, ìrì dídì kì í dúró de oṣù kẹwàá. Nítorí náà, nǹkan méjì ni kí o kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ tapólì: ṣé kò ní dẹ̀ bí omi bá rin ín, ṣé mo sì lè rọ̀ ọ́ wálẹ̀ tí etí rẹ̀ á fi kanlẹ̀ níhà tí ẹ̀fúùfù ti ń bọ̀? Ẹ̀yìn ìyẹn ni ká tó máa ka gíráàmù.

Ti búlúù: mo ní ọ̀kan, inú mọ́tò ló ń gbé. Mo fi ń bo igi ìdáná, mo sì fi ń bo ẹrù lẹ́yìn ọkọ̀. Èyí tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 8 ní 10 lè tó kílò kan, ó máa ń pariwo bí atẹ́gùn bá fọwọ́ kàn án, òtútù sì máa ń mú kó gan. Ibi tó ti ń kọ́kọ́ bàjẹ́ ni àwọn ojú irin tó wà ní igun rẹ̀. Ìjì kan ṣoṣo, ojú irin fà yọ, ó ku ìwọ àti igun tó ya. (Bó bá ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni: wá òkúta róbótó kékeré kan, fi aṣọ tapólì wé e, kí o so okùn mọ́ ọrùn rẹ̀. Ó máa ń dúró.)

Silnylon ni ọ̀pọ̀ wa fi bẹ̀rẹ̀. Náílọ́ọ̀nù tí wọ́n fi sílíkónì rẹ́ lára ni. Ó lágbára, kò tètè ya, ẹsẹ̀ bàtà 8 ní 10 rẹ̀ máa ń wà ní nǹkan bí 450 gíráàmù. Àléébù rẹ̀ ni pé náílọ́ọ̀nù ń mu omi. Bó bá ti mu ún, á gùn sí i. Okùn tí o fà le nírọ̀lẹ́ á ti dẹ̀ kó tó di ọ̀gànjọ́, àárín tapólì á sì wá sílẹ̀ tí yóò fi máa kan àpò ìsùn rẹ. Ìwọ náà á dìde nínú òtútù, o ó tún un fà. Silpoly ni ọmọ ìyá rẹ̀ tí wọ́n fi pólíẹ́sítà ṣe. Ìyẹn kì í mu omi tó bẹ́ẹ̀, bí o bá ṣe fà á le lálẹ́ náà lo máa bá a láàárọ̀, ó sì ń fara da oòrùn jù. Ká sọ òdodo, bí méjèèjì bá nípọn bákan náà, silnylon ló le jù tó bá di ọ̀rọ̀ yíya. Síbẹ̀ silpoly ni èmi á mú, torí ẹni tí ò bá sùn dáadáa kì í gbọ́ igbe akọ elk ní ìdájí.

Fún ẹni méjì pẹ̀lú ọrun àti ẹrù, má ra ohun tó kéré sí ẹsẹ̀ bàtà 10 ní 12. Wọn á sọ fún ọ pé 8 ní 10 tó. Ó tó bí òjò bá ń rọ̀ tààrà. Òjò orí òkè kì í sábà rọ̀ tààrà.

Adé Fúyẹ́ (Boise, Idaho)

Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ẹ̀gbọ́n, mi ò gbà. Ẹ fo Dyneema dá.

Aṣọ yẹn kì í ṣe ohun tí wọ́n hun. Fọ́nrán Dyneema ni wọ́n tò sáàárín ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì, tí wọ́n wá tẹ̀ ẹ́ pọ̀. Kì í mu omi rárá, kì í gùn, kì í dẹ̀. Wọ́n máa ń lẹ ojú ìpàdé rẹ̀ ni, kò sí pé à ń fi sílíkónì kun ojú abẹ́rẹ́. Ẹsẹ̀ bàtà 8 ní 10 rẹ̀ lè má tó 300 gíráàmù. Bí òjò bá dá láàárọ̀, ẹ gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, omi ti tán lára rẹ̀, kò sí pé ẹ̀ ń pọn omi òjò gun òkè. Òótọ́ ni pé owó rẹ̀ lè ju $300 lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń lọ lọ́dọọdún, orúnkún rẹ̀ ló ń fi owó yẹn rà.

Àgbà Ìjù

Adé, òótọ́ lo sọ níbi omi, ṣùgbọ́n sọ ìyókù náà. Dyneema kò fẹ́ kí nǹkan máa ha òun lára, kò fẹ́ ẹ̀ka igi ṣóńṣó, kò fẹ́ iná rárá. Bí o bá ká a, ó ń gba àyè nínú àpò ju silpoly lọ. Àti pé bí ẹ̀fúùfù bá fẹ́, ariwo rẹ̀ nìkan tó ohun tí ń jí òkú. Fún ẹni tó ń rìn lójú ọ̀nà tí wọ́n ti là, ó dára gan-an. Ọdẹ tó ń gba àárín igi wíwó kọjá lókùnkùn, tí ẹ̀gún àti ìwo ẹran ń gún àpò rẹ̀, èmi ò ní fún un. Àbúrò yìí sì ti sọ pé $200 ni owó òun.

Adé Fúyẹ́

Ti ariwo yẹn, mo gbà sà. Ìyókù, a ó máa bá a fà á.

Ìyá Tóbi (St. Paul, Minnesota)

Ẹ̀yin ọkùnrin ń jà lórí aṣọ, ẹ ò wo rírán. Télọ̀ ni mí kí n tó máa tafà, mo sì ń rán tapólì fún ara mi. Tapólì tó bá máa ya, kì í sábà ya láàárín. Ojú ibi tí abẹ́rẹ́ ti gba kọjá ló ti ń bẹ̀rẹ̀.

Bí ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ kí ẹ wo ibi mẹ́ta. Àkọ́kọ́, ojú rírán tó gba àárín gbùngbùn rẹ̀ kọjá, níbi tí wọ́n ti so aṣọ méjì pọ̀. Ìrán tó wà lẹ́sẹ̀ jíǹsì ni kí ẹ máa wá: etí méjèèjì á pa wọnú ara wọn, ẹ̀rọ á sì gba orí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹ bá rí etí aṣọ tó ń já fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, ẹ dá a padà. Ìkejì, gbogbo ibi tí a ti ń so okùn. Ó yẹ kí wọ́n fi aṣọ mìíràn lé ibẹ̀ kó nípọn, kí ẹ̀rọ lọ kó tún bọ̀ lórí rẹ̀, kí wọ́n sì fi okùn pẹlẹbẹ ṣe ojú rẹ̀. Mi ò fẹ́ràn ojú irin lára aṣọ fẹ́lẹ́. Ìkẹta, ẹ ka iye ibi ìsokùn. Mẹ́jọ kéré. Èyí tó bá ní 16 á jẹ́ kí ẹ lè pa á dà sí oríṣiríṣi: orí ilé, ọ̀dẹ̀dẹ̀, tàbí kí ẹ kan igun kan mọ́lẹ̀ kí ẹ gbé ìkejì sókè.

Silnylon àti silpoly, ẹ kì í bá a pé wọ́n fi téèpù lẹ ojú rírán wọn, torí sílíkónì nìkan ló máa ń lẹ̀ mọ́ sílíkónì. Ẹ bi ẹni tó tà á fún yín bóyá wọ́n ti kùn ún. Bí wọn ò bá tíì kùn ún, iṣẹ́ yín nìyẹn. Èyí tó bá jẹ́ pé PU (polyurethane, ọ̀rá tí kì í jẹ́ kí omi wọlé) ni wọ́n fi kun inú rẹ̀ sábà máa ń ní téèpù, ó sì dín lówó, àmọ́ bí ẹ bá ká a pamọ́ pẹ̀lú omi lára, tó bá yá PU yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́wọ́, á sì máa rùn. Kò sí oògùn rẹ̀.

Ọmọ Ọlọ́dẹ

Ẹ ṣé gan-an, mà. Ẹ ṣé, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ìbéèrè mẹ́ta ló kù. Ṣé èyí tí etí rẹ̀ tọ́ ni kí n rà àbí èyí tí wọ́n gé etí rẹ̀ wọnú díẹ̀? Àwọ̀ ńkọ́, ṣé elk ò ní rí i? Ṣé mo sì lè gbé sítóòfù kékeré tí wọ́n ń fi igi dá wọ abẹ́ rẹ̀?

Àgbà Ìjù

Etí títọ́. Èyí tí wọ́n gé etí rẹ̀ wọnú máa ń le dáadáa lójú ẹ̀fúùfù, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ṣoṣo ló mọ̀. Ọdẹ nílò èyí tó lè yí padà bí ilẹ̀ bá ṣe rí.

Àwọ̀: elk kì í rí pupa àti ọsàn bí àwa ṣe ń rí i, imú rẹ̀ ló fi ń mọ̀ pé o wà nítòsí. Mú ewéko tàbí eérú, kí ojú rẹ sinmi. Bó bá jẹ́ àsìkò ìbọn ni, mo máa ń so aṣọ ọsàn tó ń tàn yòò mọ́ igun tapólì kí ọdẹ ẹlẹgbẹ́ mi lè rí mi. Nígbà yẹn, òfin Colorado ní kí aṣọ ọsàn tàbí pínńkì tó ń tàn tó 500 íńṣì onígun mẹ́rin wà lára ènìyàn láti ìbàdí sókè, pẹ̀lú fìlà. Ẹ̀yin ọlọ́fà ò sí nínú ìyẹn.

Sítóòfù onígi: rárá. Àgọ́ onígun ṣóńṣó tí kò ní ilẹ̀, tó ní ojú tí páìpù ń gbà jáde, ni wọ́n ṣe é fún. Seek Outside tó wà nílùú wa níbí ń ṣe irú rẹ̀, ó sì dára ní oṣù kọkànlá, àmọ́ kò sí nínú $200 rẹ. Bí ẹ bá fẹ́ fi gáàsì kékeré se omi, ẹ gbé e sí etí, níbi tó ṣí sílẹ̀. Èéfín tó ń pani tí iná gáàsì lè tú jáde (carbon monoxide) kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn.

Ọdẹ Ìgbòho (Òkè-Ògùn)

Ògún á gbè wá o. Mo ń ka ọ̀rọ̀ yín láti ilé níbí. Àwa kì í gbé ohun tó ní orúkọ gígùn báyìí. Tapólì trélà tó ti gbó la máa ń gé, tí a ó fi ṣe àtíbàbà, ó sì wúwo lóòótọ́, ọ̀kadà ló ń bá wa gbé e dé etí igbó.

Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé àwa kì í kọ́kọ́ wo aṣọ, ibi tí ìjì ti ń bọ̀ là ń wò. Ìjì òjò àkọ́rọ̀ lọ́dọ̀ wa, láti ìlà oòrùn ló ti máa ń wá, nítorí náà ẹ̀yìn àtíbàbà la máa ń kọ sí ìlà oòrùn, a ó sì rọ ẹ̀yìn yẹn wálẹ̀ pátápátá. Ẹnu rẹ̀ á dojú kọ ìwọ̀ oòrùn. A ó wá gbẹ́ ojú àgbàrá kékeré yí i ká. Omi tó bá fẹ́ bá okùn wọlé ńkọ́? A máa ń so okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́ okùn àárín yẹn, nítòsí etí tapólì, kó máa já wálẹ̀. Omi á bá okùn yẹn sọ̀ kalẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ.

Ẹ jọ̀ọ́, irú ẹran wo ni elk yìí?

Ọmọ Ọlọ́dẹ

Ẹ kú ọdẹ, bàbá. Ìdílé àgbọ̀nrín ló ti wá, àmọ́ akọ rẹ̀ lè tó 300 kílò, ìwo rẹ̀ sì ń yọ ẹ̀ka káàkiri. Bí a bá yọ egungun kúrò, ẹran tó kù lè tó 70 sí 100 kílò, ìdí nìyẹn tí mo fi ń sá fún ẹrù wúwo.

Ọdẹ Ìgbòho

Háà! Ẹ pe ènìyàn dání o.

Àgbà Ìjù

Bàbá Ìgbòho, ẹ ṣeun. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, kí gbogbo ẹni tó bá ń ka èyí lọ ṣe é. Ó ń jẹ́ kí ara gbẹ ju aṣọ olówó ńlá lọ. Gbígbẹ́ àgbàrá nìkan la kì í ṣe níbí. Nínú igbó ìjọba, wọn ò fẹ́ kí a máa fi kòtò sílẹ̀ káàkiri, nítorí náà orí ilẹ̀ tó dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ díẹ̀ la máa ń wá, kí omi lè ṣàn kọjá fúnra rẹ̀. Jìnnà sí odò, bíi 200 ẹsẹ̀ bàtà, ìyẹn bí 70 ìṣísẹ̀ àgbàlagbà.

Ibi tí mo wá fẹ́ tẹ̀ mọ́ ọ létí gidi, àbúrò, ni igi. Kòkòrò tó ń jẹ abẹ́ èèpo igi ti pa igi spruce rẹpẹtẹ ní San Juan. Ní 2013, iná West Fork Complex tún jó ju 100,000 éékà lọ lápá ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ igi wọ̀nyẹn ṣì wà lóòró, gbígbẹ, gbòǹgbò wọn ti ń jẹrà, afẹ́fẹ́ kékeré lè bì wọ́n wó. Ẹni tó ń lo tapólì máa ń wá igi méjì tó ta okùn sí, ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Gbé ojú sókè kí o tó sọ ẹrù kalẹ̀. Bí o bá rí igi tí kò ní ewé, tí èèpo rẹ̀ ń bọ́, má sùn sí ibi tí orí rẹ̀ lè dé bó bá wó, má sì so okùn mọ́ ọn. Ọ̀pá tí ẹ fi ń gun òkè, ẹ lò ó dípò igi: ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, ó ti parí.

Èkejì, atẹ́gùn. Lálẹ́, afẹ́fẹ́ tútù máa ń ṣàn gba àfonífojì lọ sísàlẹ̀. Bí oòrùn bá ti gbóná, á yí padà, á máa gòkè. Bí o bá pàgọ́ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, inú òtútù àti ìrì lo wà. Bí o bá sì pa á sókè orí ibi tí ẹran ń jẹ̀ lóru, òórùn rẹ á ti kí wọn kí o tó jí. Wá ilẹ̀ pẹrẹsẹ kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè, tí kò sí lójú ọ̀nà atẹ́gùn alẹ́ sí ibi tí o fẹ́ dọdẹ.

Adé Fúyẹ́

Lórí èyí, ẹnu wa kò. Jẹ́ kí n fi ti èèkàn kún un, torí ilẹ̀ ibẹ̀ kún fún òkúta. Fi èèkàn alumíníọ̀mù onígun mẹ́ta sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí àwọn tín-ín-rín onítiténíọ̀mù wà fún àárín. Bí èèkàn kò bá wọlé rárá, mú ẹ̀ka igi kan tó gùn tó apá, ki í bọ ojú okùn, tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀, kí o wá gbé òkúta ńlá lé orí okùn níwájú ẹ̀ka náà, níhà tapólì. Bí ẹ̀fúùfù bá fà á, ẹ̀ka á há mọ́ ẹ̀yìn òkúta. Òkúta kékeré lásán tí ènìyàn so okùn mọ́ máa ń yí ni.

Ìso tí wàá mọ̀ kí o tó lọ: fi okùn yí èèkàn ká, mú ẹnu rẹ̀ padà, yí i po ìyá okùn lẹ́ẹ̀mejì nínú òrùka tó ṣe, kí o tún yí i lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn òrùka, kí o fà á. Ọwọ́ rẹ á lè tì í lọ tì í bọ̀, ẹ̀fúùfù ò sì ní lè fà á. Bí okùn rẹ bá tín-ín-rín tó sì ń yọ̀, yí i po lẹ́ẹ̀kan sí i nínú òrùka yẹn. Fi ojú dídì ṣe é títí ọwọ́ á fi mọ̀ ọ́n.

Kọ́lá Aláwàdà

Ẹ ti sọ ti òjò, ti igi, ti òkúta. Ta ló ń sọ ti béárì?

Ìyá Tóbi

Béárì dúdú ló wà ní Colorado, oúnjẹ ló ń wá, kì í ṣe ìwọ, Kọ́lá. Ẹ gbé oúnjẹ àti ẹran jìnnà sí ibi tí ẹ bá sùn sí, bí 100 mítà, kí ó sì ga. Eku ló máa yọ yín lẹ́nu jù lábẹ́ tapólì, torí kò sí ilẹ̀kùn. Ẹ má fi bísíkíìtì sínú àpò ẹ̀yìn sùn, wọ́n á gé àpò náà wọlé.

Nítorí ẹran yẹn, ẹ mú tapólì kékeré kejì dání, ẹsẹ̀ bàtà 5 ní 7, silnylon tó fẹ́lẹ́ jù. Ẹ ta á sókè orí ẹran kó ṣíji bò ó, kí òjò má bàa rin ín, kí atẹ́gùn sì máa gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ẹ má fi tapólì wé ẹran o! Ooru tó wà nínú ẹran tuntun kò ní ríbi jáde, ẹran á bàjẹ́ kí ẹ tó dé ìdí mọ́tò. Àpò aṣọ tó ń mí ni wọ́n ń fi kó o.

Ọmọ Ọlọ́dẹ

Mo ti pinnu. Silpoly, ẹsẹ̀ bàtà 10 ní 12, etí títọ́, ibi ìsokùn 16, àwọ̀ ewéko. Mo rí ọ̀kan lónìí ní $145. Ìyókù á lọ sí èèkàn, okùn, àti Tyvek, irú ọ̀rá kan tí àwọn akọ́lé ń lò, láti tẹ́ sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ló máa ra kékeré ti ẹran. Wọn ò tíì kun ojú rírán rẹ̀, mo bi wọ́n. Ìyá Tóbi, báwo ni mo ṣe ń kùn ún?

Ìyá Tóbi

Ra túùbù sílíkónì tó mọ́ gaara, èyí tí wọ́n kọ sí i pé sílíkónì pátápátá ni. Fún díẹ̀ sínú agolo, da mineral spirits (tíńà tí wọ́n fi ń po ọ̀dà) sí i, pò ó títí tó fi ṣàn bí ọ̀dà. Ta tapólì sí ẹ̀yìnkùlé kó le dáadáa kí ojú abẹ́rẹ́ lè là, kí o wá fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré kun ojú rírán àárín níta, àti gbogbo ibi tí abẹ́rẹ́ ti gba kọjá níbi ìsokùn. Fẹ́lẹ́ ni kí o kùn ún. Èyí tó bá nípọn á máa ṣí. Níta ni kí o ti ṣe é o, òórùn rẹ̀ kò dára nínú ilé. Fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí o wá bu páúdà díẹ̀ sí i, torí bí o bá ká a láìsí páúdà, á lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, sùn sábẹ́ rẹ̀ kí ẹnìkan nílé máa fi hóòsì rọ omi lù ú láti ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe láti òkè nìkan. Mú ṣọ́ọ̀kì dání. Ibi tó bá ń jò, sàmì sí i, kí o tún un kùn nígbà tó bá gbẹ.